Ẹ̀dọ̀ Ló Wà Lórí Òróòro: Ohun Tí Mo Rí Lára Ẹ̀dọ̀ Oníke Tí Mo Rà fún Kíláàsì Mi

Owó ara mi ni mo fi rà á. ₦46,000 ni ẹ̀dọ̀ oníke náà fúnra rẹ̀, ₦3,500 ni wọ́n gbà láti fi mọ́tò gbé e láti Èkó dé gáréèjì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọlọ́kadà tó gbé èmi àti páálí dé Òkè-Ṣọpẹ́n ní Ìjẹ̀bú-Igbó sì gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fún tíṣà ìjọba, owó ńlá nìyẹn. Kí ẹlòmíràn tó ná irú owó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó gbọ́ láti ẹnu ẹni tó ti lò ó fún odidi sáà kan, tó ti tú u, tó ti tò ó, tí àwọn ọmọ 43 sì ti fọwọ́ pa á lára.

Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ ní SS2 àti SS3. Kí n tó di tíṣà, ọmọ alápatà ni mí. Bàbá mi pa màlúù ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí Iléyá bá sì dé, àwọn èèyàn máa ń ránṣẹ́ pè é láti ilé dé ilé pé kó wá bá wọn kun àgbò. Èmi ni mo máa ń gbé abọ́ tẹ̀lé e. Bó bá ti la ikùn àgbò, kò sí ohun tó ń ṣọ́ tó òróòro. Á rọra gbé etí ẹ̀dọ̀ sókè, á wo abẹ́ rẹ̀, á wá gé àpò aláwọ̀ ewé náà pẹ̀lú ẹran ẹ̀dọ̀ díẹ̀ lára rẹ̀ kó má baà bẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i tó bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dàgbà pẹ̀lú èrò pé májèlé ni òróòro, pé Ọlọ́run kàn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀ láti fi dán alápatà wò ni. Mo ti wọ yunifásítì kó tó wọ̀ mí lọ́kàn pé ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe òróòro, àpò yẹn kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Èrò ìgbà èwe mi yìí kan náà ni mo ń bá lórí àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́dọọdún. Bí mo bá bi wọ́n pé níbo ni òróòro ti ń wá, gbogbo wọn á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Inú àpò òróòro ni, Mà." Mo ya àwòrán sójú pátákó títí, kò yí wọn lérò padà. Ohun tó sún mi débi ẹ̀dọ̀ oníke nìyẹn. Ìdí kejì wà, mo máa tó dé ibẹ̀.

Páálí náà dé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Wọ́n fi fóòmù dì í dáadáa, ibì kankan kò fọ́. Ó tóbi tó ẹ̀dọ̀ èèyàn. Rúlà mi fi hàn pé sẹ̀ǹtímítà 21 ni láti apá ọ̀tún dé apá òsì. Ó ṣeé tú sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, àpò òróòro tí wọ́n fi pínnì kékeré kàn mọ́ abẹ́ rẹ̀, àti apá kẹta tó jẹ́ pancreas, ẹ̀yà tó ń ṣe omi tó ń mú oúnjẹ dà nínú ìfun, pẹ̀lú ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C. Wọ́n la ìfun yẹn sílẹ̀ ká lè rí inú rẹ̀. Ìwé pélébé kan bá a wá, nọ́ńbà 1 dé 26 sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Àwọ̀ rẹ̀ dára, ó pọ́n dúdú bí ẹ̀dọ̀ tútù. Ike náà le, kò rùn, omi ọṣẹ lásán ni mo fi ń nù ún.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni kò tọ́. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bíi kílò 1.5, kò sì sí ẹ̀yà mìíràn nínú ikùn tàbí àyà wa tó tóbi tó o. Eléyìí kò tó ìdajì kílò. Ohun tí mo ṣe ni pé mo wọn gààrí kílò 1.5 sínú ọ̀rá, mo sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé ọ̀rá gààrí sí ọwọ́ kan, kó gbé ẹ̀dọ̀ oníke sí ọwọ́ kejì. Mo wá ní kí wọ́n fi ọwọ́ tẹ abẹ́ egungun ìhà wọn lápá ọ̀tún. Ọmọkùnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn béèrè pé ṣé gbogbo gààrí yìí lòun ń gbé kiri lábẹ́ ìhà òun látàárọ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láti ọjọ́ náà ló ti ń jókòó síwájú.

Bí ẹ bá kọ iwájú rẹ̀ sí ara yín, ẹ ó rí i pé ó pín sí méjì, apá ọ̀tún tó tóbi àti apá òsì tó tín-ín-rín. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là á láàárín, okùn kan sì wà ní ìsàlẹ̀ awọ náà. Wọ́n ṣe okùn yẹn dáadáa, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rántí rẹ̀, torí òun ló ṣẹ́kù lára iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ibi ọmọ gba ìdodo wọlé nígbà tí a ṣì wà nínú oyún. Nígbà tí mo sọ èyí, gbogbo kíláàsì ló fọwọ́ kan ìdodo. Ẹ yí i sẹ́yìn, ẹ ó rí apá kékeré méjì sí i, caudate àti quadrate, èyí tó mú kí àwọn ìwé àtijọ́ máa kà á sí mẹ́rin. Àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ kò tẹ̀lé ìyẹn mọ́. Ọ̀nà mẹ́jọ ni wọ́n ń pín in sí, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pín kiri inú rẹ̀, bí Claude Couinaud ará Faransé ṣe là á sílẹ̀ lọ́dún 1957. Ẹ̀dọ̀ tèmi kò ní ìlà mẹ́jọ yìí. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ yunifásítì nílò irú tó ju èyí lọ; WAEC kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ tèmi.

Ibi tí owó mi ti padà wá bá mi ni àwọn páìpù tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tó ṣe é ti ṣiṣẹ́. Páìpù aláwọ̀ ewé méjì ló jáde láti inú ẹran ẹ̀dọ̀, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Wọ́n pàdé, wọ́n di ọ̀kan. Páìpù kékeré láti ara àpò òróòro wá bá a níbẹ̀, wọ́n jọ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìfun, wọ́n kọjá lára pancreas, wọ́n pàdé páìpù tirẹ̀ náà, gbogbo wọn sì jọ gba ojú ihò kékeré kan wọ inú ìfun. Ìka ọmọ lè tẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo sì máa ń ní kí wọ́n tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pa ojú dé. Ọmọ tó bá fi ìka rẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀ jáde kò tún ní kọ ọ́ sílẹ̀ láé pé inú àpò ni òróòro ti ń wá.

Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n rò ó pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, èyí tí epo pupa ta lójú rẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n tó dé ìdí ìkòkò rárá, ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe òróòro tirẹ̀ lọ, tọ̀sán-tòru, láàárín mìlílítà 500 sí 1,000 lójúmọ́ kan. Ìyẹn tó omi inú ọ̀rá kan sí méjì. Ṣùgbọ́n mìlílítà 30 sí 50 péré ni àpò òróòro lè gbà, kò ju ṣíbí ìjẹun méjì sí mẹ́ta lọ. Báwo ló ṣe wá ń tọ́jú rẹ̀? Ara àpò náà ń fa omi inú rẹ̀ mu, ohun tó ṣẹ́kù á wá ki. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ń bẹ́ mọ́ alápatà lọ́wọ́ fi ń korò tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kò sí oúnjẹ nílẹ̀, iṣan róbótó kan ti ojú ihò ìsàlẹ̀ yẹn pa, òróòro kò rọ́nà lọ, á gba páìpù kékeré wọ inú àpò lọ sinmi. Ruggero Oddi ará Ítálì ló ṣàlàyé iṣan náà lọ́dún 1887, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni nígbà yẹn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tí epo ìkọ́kọrẹ́ bá dé inú ìfun, ara ìfun á tú ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ cholecystokinin. Ohun náà á sọ fún àpò pé kó fún ara rẹ̀, á sì sọ fún iṣan Oddi pé kó ṣílẹ̀kùn. Òróòro á ya sórí epo, á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí ọṣẹ ṣe ń ṣe epo tó lẹ̀ mọ́ abọ́. Kò sí enzyme kankan, ìyẹn èròjà tó ń mú oúnjẹ dà, nínú òróòro. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi tẹnu mọ́ èyí, torí ọdọọdún ni àwọn ọmọ ń sọ máàkì nù síbẹ̀.

Ọmọbìnrin kan béèrè lọ́jọ́ yẹn bóyá gbogbo ẹranko ló ní àpò òróòro. Mo ní rárá, ẹyẹlé kò ní, eku ilé ńlá tí Òyìnbó ń pè ní rat kò ní, ẹṣin náà kò ní. Kíláàsì dákẹ́. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí kò mọ ẹṣin Ojúde Ọba, bí wọ́n ṣe ń dé e lọ́ṣọ̀ọ́, bó ṣe ń jó bí àwọn ìdílé Balógun bá ti gùn ún jáde. Pé gbogbo ẹwà yẹn kò ní òróòro nínú, wọn kò gbà á. Mo ṣàlàyé pé ẹ̀dọ̀ ẹṣin ń ṣe òróòro, kò kàn ní àpò tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí ni. Koríko ló ń jẹ látàárọ̀ dalẹ́, òróòro rẹ̀ sì ń kán lọ sínú ìfun tààrà láìdúró.

Àwọn páìpù búlúù náà mú ìbéèrè wá. Búlúù ni wọ́n kun portal vein tó ń wọlé láti abẹ́, búlúù kan náà ni wọ́n kun àwọn iṣan mẹ́ta tó ń jáde lókè lẹ́yìn. "Mà, búlúù ń wọlé, búlúù tún ń jáde?" Ìbéèrè tí mo ń retí nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀. Iṣan pupa gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní atẹ́gùn wá láti ọ̀dọ̀ ọkàn, nǹkan bíi 25%. Nǹkan bíi 75% yòókù ń gba portal vein bọ̀ láti ara ìfun àti ikùn, ó sì ru ohun tí a jẹ dání. Gààrí tí a mu, ẹran tí a jẹ, oògùn tí a gbé mì, ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé kí wọ́n tó dé ibòmíràn. Àwọn baba wa ní Ìjẹ̀bú mọ iṣẹ́ oníbodè: ẹrù tó bá ń ti etí òkun lọ sí òkè gbọ́dọ̀ dúró lọ́dọ̀ wọn kó tó kọjá. Ohun tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe nìyẹn. Ó ń yẹ ẹrù wò, ó ń gba tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń pa májèlé inú rẹ̀ kú kó tó jẹ́ kó lọ bá ọkàn.

Ohun tó ń gbà sílẹ̀ ni ike kò lè fi hàn, mi ò sì dá ike lẹ́bi. Ṣúgà tó pọ̀ jù lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di glycogen, á kó o pamọ́. Bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ bá dé ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ láìdákú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún un. Ó ń tọ́jú fítámì A àti B12 àti iron. Ó ń ṣe albumin tó ń di omi mú sínú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ àti ikùn ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ fi ń wú. Ó ń ṣe àwọn ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bí ọ̀bẹ bá gé wa. Ó ń gba ammonia tó jáde lára ẹran tí a jẹ, ó ń sọ ọ́ di urea kí kíndìnrín lè tọ̀ ọ́ dànù. Mo ya àwòrán igun mẹ́fà-mẹ́fà tí inú ẹ̀dọ̀ ń jọ lójú ẹ̀rọ asọ-kékeré-di-ńlá sórí kádíbọ́ọ̀dù kan, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ra ẹ̀dọ̀ oníke tí kò ṣe irú èyí, ìdajì ẹ̀kọ́ ló rà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ àbùkù rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹsẹ̀ tí wọ́n gbé e dúró lé. Kí páìpù lè hàn, wọ́n yí ẹ̀dọ̀ náà padà, abẹ́ rẹ̀ ló kọjú sí wa, àpò òróòro sì wà lókè gàǹgà. Bí ọmọ tí kò mọ̀ bá wò ó láti ẹnu ọ̀nà, òróòro ló rí lórí ẹ̀dọ̀. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́: bí inú bá ń bí èèyàn, tàbí tí jìnnìjìnnì bò ó, a ó ní kó fọkàn balẹ̀, kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Bàbá mi sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo ń sunkún pé mi ò yege ìdánwò. Mo rò pé àṣà ọ̀rọ̀ lásán ni. Ọjọ́ tí mo kà nípa ibi tí ẹ̀dọ̀ wà nínú ara ni mo mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti la ikùn ẹran rí, ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé nínú ara tó wà ní àlàáfíà, ẹ̀dọ̀ ló ń bẹ lókè tí òróòro wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ike yìí kọ́ ọmọ mi ní òdìkejì. Mo ti yọ ẹ̀dọ̀ náà kúrò lórí rẹ̀. Mo fi okùn so ó mọ́ hángà, ó wá dúró bó ṣe ń wà nínú ara, ọmọ tó bá fẹ́ rí páìpù á bẹ̀rẹ̀ wò ó lábẹ́.

Àbùkù kejì: nọ́ńbà 14 àti 15 ṣìpò padà. Ìwé pélébé náà ní portal vein ni 14, páìpù òróòro ni 15, ṣùgbọ́n lára ike, páìpù aláwọ̀ ewé ni wọ́n lẹ 14 mọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ á kọ́ irọ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó tà á fún mi. Ó ní bí wọ́n ṣe kó o dé láti òkè òkun nìyẹn. Mo tún kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò dáhùn mọ́. Inú mi kò dùn sí ìyẹn. Ọjà ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí ọjà mìíràn. Àṣìṣe inú rẹ̀ lè wà lórí ọmọ títí yóò fi dàgbà. Mo fi bíléèdì ṣí nọ́ńbà méjèèjì, mo tún wọn lẹ̀.

Ẹ̀kẹta, pínnì tó di àpò òróòro mú ti rọ̀. Oṣù kan kò pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ike inú rẹ̀ tún dí gbagidi, kò ṣí, mi ò lè fi inú rẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ́jọ́ Sátidé kan, òun ló jogún ọ̀bẹ bàbá wa, ó sì ń ta ẹran ní Òkè-Àjẹ́. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀dọ̀ náà, mi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi yí i kọ́rí.

"Báyìí ló ṣe ń wà, Tíṣà. Ta ló dojú ẹ̀ dé?"

Mo ní, "Bọ̀dá mi, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

Ó fọwọ́ pa òkè rẹ̀. "Ibo ni wọ́n ti já a kúrò lára awọ àyà? Kì í dá dúró báyìí. Ọ̀bẹ lèèyàn fi ń já a."

Òótọ́ ni. Awọ tó pààlà àyà àti ikùn ni ẹ̀dọ̀ rọ̀ mọ́ lábẹ́, àní bí a bá ṣe ń mí ni ó ń lọ sókè-sódò. Ike náà kò fi àmì ibẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló fa ẹ̀dọ̀ màlúù kan jáde, èyí tó ju kílò 4 lọ, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ti màlúù kò pín sí apá púpọ̀ bíi tiwa, apá ọ̀tún nìkan ló sì ń wà torí ikùn ńlá ti tì í sọ́hùn-ún. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ tẹ̀ lé páìpù òróòro kan wọ inú ẹran. Páìpù náà nípọn, ó le gírígírí. Nígbà tó là á, kòkòrò pẹlẹbẹ bí ewé jáde nínú rẹ̀, mẹ́ta. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ nípa liver fluke láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà, bó ṣe ń gba inú ìgbín kékeré tó wà lódò kó tó bá koríko wọ inú màlúù. N kò tíì rí i láàyè rí nínú páìpù tí mo ń fi ike júwe. Ẹ̀gbọ́n mi gé gbogbo ibẹ̀ sọ nù. Ó ní bí òun bá ti fọwọ́ kan páìpù tó le báyìí, òun kì í ta á, ẹni tó bá fẹ́ kó bínú.

Ó wá bi mí pé, "Òkúta ńkọ́? Wọn ò fi òkúta sí i?" Ó sọ fún mi pé àwọn kan máa ń wá ra òkúta inú àpò òróòro màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà, wọn a fi ìwọ̀n kékeré wọ̀n ọ́n bí ẹni ń wọn wúrà, wọn a kó o lọ sílẹ̀ òkèèrè fún oògùn. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló wo ojú mi, ó dákẹ́. Àwa méjèèjì mọ ohun tí a ń rò.

Ìdí kejì nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, ọmọ ọdún 17, wọ́n bí i pẹ̀lú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Láti kékeré ni ojú rẹ̀ ti máa ń pọ́n bí omi ọsàn, a ti mọ́ ọn lára. Lọ́dún tó kọjá ó bẹ̀rẹ̀ sí í di abẹ́ ìhà ọ̀tún mú lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, ìrora náà á gun èjìká ọ̀tún lọ. Àwọn kan ní ibà pọ́njú ni, wọ́n gbé àgbo wá. Ojú wá pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì funfun bí ẹfun. Ìgbẹ́ funfun yẹn ló jẹ́ kí n pariwo pé kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn kíá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan bí ọjọ́ 120 ni ẹ̀jẹ̀ pupa ń lò lára wa kó tó gbó. Ti ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ẹ̀jẹ̀ tó bá fọ́ ń sọ àwọ̀ ìyeyè kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ bilirubin. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó o sínú òróòro, òróòro ló ń gbé e lọ sínú ìfun, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń rí àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́. Bó bá ti pọ̀ jù nínú òróòro, ó lè dì di òkúta dúdú. Sikáànì fi hàn pé òkúta kún àpò ọmọ wa, ọ̀kan sì ti yọ̀ bọ́ sínú páìpù ńlá, ó dí i. Àwọ̀ náà kò rọ́nà dé ìfun mọ́, ó padà sínú ẹ̀jẹ̀, ó gba inú ìtọ̀ jáde. Dókítà ya gbogbo rẹ̀ sórí ìwé fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó ń mi orí, kò yé e. Ó yé èmi, ṣùgbọ́n mi ò rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ ọ́. Wọ́n yọ òkúta náà, wọ́n yọ àpò òróòro pẹ̀lú. Ara rẹ̀ yá. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo fi owó ránṣẹ́ nítorí ike yìí.

Bí mo bá ní kí n fún un ní máàkì bí mo ṣe ń fún ọmọ, 7 nínú 10 ni. Páìpù rẹ̀ yẹ fún 10, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ló fà á sẹ́yìn. Tíṣà sẹ́kọ́ńdírì àti ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ rà á, ṣùgbọ́n kí ẹ fi ìwé yín yẹ gbogbo nọ́ńbà wò kí ọmọ kankan tó fojú kàn án, kí ẹ sì lọ ra ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ kan lọ́jà tòun ti òróòro rẹ̀, kí ẹ gbé méjèèjì kalẹ̀ pọ̀. Ẹ bẹ alápatà kó má gé e sọ nù. Bí owó kò bá tó fún méjèèjì, ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ni kí ẹ rà. Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé ó ṣeé fi han aláìsàn. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́, mo ti ṣe é.

Ọjọ́ Àìkú ni ọmọ wa wá kí mi. Ike náà wà lórí tábìlì, mo gbé e wálé láti tún pínnì rẹ̀ ṣe. Ó jókòó tì í, ó wò ó pẹ́. Ó fọwọ́ kan àpò òróòro, ó sì já bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Àǹtí, èyí ni wọ́n yọ nínú mi?"

Mo ní òun ni.

Ó wo ojú ibi tó ti já. "Níbo ni òróòro tèmi wá ń gbà báyìí?"

Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e sínú ẹ̀dọ̀ níbi tí páìpù méjèèjì ti jáde, a jọ sọ̀ kalẹ̀, a kọjá ojú ibi tí àpò wà tẹ́lẹ̀ láìdúró, a gba ẹ̀yìn ìfun, títí a fi dé ojú ihò kékeré yẹn. Mo ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò dúró lọ́jọ́ kan, òróòro ń kán lọ tààrà. Kó kàn má jẹ ọ̀rá púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní bí ó ṣe ń rí nínú ẹṣin Ojúde Ọba náà nìyẹn. Ó tún fi ìka ara rẹ̀ gba ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀.

Mo na ọwọ́ pé kó fún mi ní àpò náà kí n dá a padà. Ó dì í mú.

"Ẹ jẹ́ kó wà báyìí ná, Àǹtí."

Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ títí di àárọ̀ Mọ́ńdè.